Mọ́tò Tí Kò Gba Rìfáàsì: Kí Ẹ Tó Gbà Pé Gíà Bọ́ọ̀sì Ti Bàjẹ́

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ayétòrò, níbí ní Òṣogbo, wa mọ́tò rẹ̀ kọjú sí ògiri ṣọ́ọ̀bù láti já ẹrù. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, rìfáàsì kọ̀. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó fa ọwọ́ gíà títí, kò wọlé. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló bá a ti mọ́tò bọ́ sí títì. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó pè ní gíà bọ́ọ̀sì ti lọ, kó wá owó òmíràn. Èkejì ní kílọ́ọ̀ṣì ló jẹ tán. Ẹ̀kẹta kò tíì sọ nǹkan kan tó fi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹnì kan jókòó sínú kó máa mi ọwọ́ gíà, òun náà bẹ̀rẹ̀ ó ń wo ìsàlẹ̀. Ike kékeré kan tí kò tó orí àtàǹpàkò ló já, níbi tí irin tó ń bọ̀ láti ọwọ́ gíà ti so kọ́ gíà bọ́ọ̀sì. Ó pààrọ̀ rẹ̀, mọ́tò padà sẹ́yìn wẹ́rẹ́.

Kí ẹnìkẹta yìí tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ bẹ olórí àjọ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó ti oṣù yìí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mi ò sọ pé àwọn méjì àkọ́kọ́ fẹ́ lù ú ní jìbìtì. Ohun tí mo rí ni pé wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi wọ́n. "Kò gba rìfáàsì" kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ó dà bí ìgbà téèyàn dé ọsibítù tó ní inú ń run òun: dókítà tó bá mọṣẹ́ á bèèrè pé apá ibo, láti ìgbà wo, kí lẹ jẹ.

Kí ló ń jẹ́ kí mọ́tò padà sẹ́yìn?

Gíà bọ́ọ̀sì ni àpótí irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti táyà. Ẹ́ńjìnì kì í yí padà o. Apá kan ṣoṣo ló ń yí sí láti ìgbà tí ẹ ti ṣáná sí i títí ẹ ó fi pa á. Gíà bọ́ọ̀sì ló ń gba yíyí yẹn, tó ń sọ ọ́ di eré tàbí agbára, tó sì ń dá a padà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá fẹ́.

Ẹ lè rí bó ṣe ń ṣe é lórí tábìlì yín. Ẹ mú ìdérí ìgò mínírà mẹ́ta, àwọn onírin tó ní eyín létí. Ẹ tẹ́ méjì kalẹ̀ kí eyín wọn bọ sínú ara wọn. Bí ẹ bá yí àkọ́kọ́ sápá ọ̀tún, èkejì á yí sápá òsì. Iṣẹ́ gíà iwájú nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò máńúà. Ẹ wá ti ìdérí kẹta bọ àárín àwọn méjèèjì. Ẹ yí àkọ́kọ́ sápá ọ̀tún bíi ti tẹ́lẹ̀: ti àárín á yí sápá òsì, ti ìkẹyìn á wá yí sápá ọ̀tún. Ọwọ́ yín kò yí padà, ṣùgbọ́n ti ìkẹyìn ti kọjú síbòmíràn. Rìfáàsì kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin eléyín kan ló wọ àárín méjì.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn nìyí: bí gíà iwájú bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tó jẹ́ pé rìfáàsì nìkan ló kọ̀, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnì kò ṣẹ̀, díìsì kílọ́ọ̀ṣì kò jẹ tán, irin tó ń yí táyà náà kò ṣẹ́. Ọ̀nà tí rìfáàsì nìkan ń gbà ló yẹ ká máa wò. Díìsì tó bá jẹ tán kì í mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní díìsì ló fà á, nígbà tí mọ́tò yín ń gun òkè Òkè-Fìà láìjanpata, ẹ ní kó tún un rò.

Ṣé kò wọlé ni, àbí ó wọlé kò lọ?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ọwọ́ gíà bá kọ̀ tí kò wọlé, ìtakókó náà sábà máa ń wà láàárín ọwọ́ yín àti gíà bọ́ọ̀sì: wáyà, irin, ike, kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, tí iná ẹ̀yìn funfun tàn, tí ẹ tẹ pẹ́dà iná tí mọ́tò ń ké lásán, ọ̀rọ̀ náà ti ń sún mọ́ inú gíà bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. Gíà wọlé, ẹ sì gbọ́ tí mọ́tò fẹ́ lọ, ó gbọn, ó dúró, bí ẹni pé nǹkan dì í mú. Ẹ wo hándíbíréèkì. Lásìkò òjò, bí mọ́tò bá ti dúró fún ọjọ́ mélòó kan pẹ̀lú hándíbíréèkì lókè, bíréèkì ẹ̀yìn lè dípẹtà lẹ̀ mọ́ inú àgbá rẹ̀. Gíà kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Máńúà: ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ tún fi í sí i

Kílọ́ọ̀ṣì ni ohun tó ń ya ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kúrò lára gíà bọ́ọ̀sì fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹsẹ̀ yín bá fi wà lórí rẹ̀. Ẹ wo kọ́ńdọ́ ní Old Garage tó fẹ́ fò wọ bọ́ọ̀sì tó ti ń lọ. Ó gbọ́dọ̀ bá bọ́ọ̀sì náà sáré dọ́gba ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ṣubú. Eyín gíà náà rí bẹ́ẹ̀. Lára gíà iwájú, òrùka idẹ kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí irin méjèèjì sáré dọ́gba kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò máńúà, wọn kò fi òrùka yìí sí rìfáàsì, torí pé èèyàn kì í fi rìfáàsì sí i lórí eré. (Eyín rìfáàsì wọn sábà máa ń gún gbọọrọ dípò kó dagun, òun ló fà á tí wọ́n fi ń ké wììì bí wọ́n bá ń padà sẹ́yìn. Àìsàn kọ́.) Nítorí náà, bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá yà tán, bó ṣe díẹ̀ ló ṣẹ́kù, irin inú gíà bọ́ọ̀sì á ṣì máa yí, rìfáàsì ló sì máa kọ́kọ́ fi hàn. Á máa dún gbàràrà, tàbí kó kọ̀ pátápátá.

Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò tí kò gba kọ́bọ̀ ti wá. Ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ẹ fi í sí rìfáàsì. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, tó sì kọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì tí kò yà tán ni ẹ ń bá jà.

Kí ni kì í jẹ́ kó yà? Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ mọ́tò. Mo ti rí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn ní ìlọ́po méjì lábẹ́ ẹsẹ̀, tí pẹ́dà kò lè wọlẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè bóyá wáyà ni tiyín ń lò tàbí ọ́ìlì. Wáyà máa ń fà gùn bó bá pẹ́, wọ́n á sì fún un mọ́ra tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì, ẹ wo ìgò rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú mọ́tò púpọ̀, ìgò kan náà ni òun àti bíréèkì jọ ń lò. Bí ọ́ìlì bá ti wálẹ̀, ó ń jò síbì kan. Bí pẹ́dà bá rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, tó sì ń le díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù rẹ̀ tàbí kí rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Kò sí èyí tó ní kí wọ́n sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀ nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ wọ́n wò tán ni ẹ tó lè gbà kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ láti wo díìsì, àwo tó ń tẹ̀ ẹ́, àti béárìn rẹ̀.

Bí rìfáàsì kò bá wọlé bí ẹ́ńjìnì tilẹ̀ kú, ẹ tú hándíbíréèkì, ẹ ní kí wọ́n ti mọ́tò sún díẹ̀, ẹ tún kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀, ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà míràn eyín méjì ló pàdé lórí-kan-orí, bíi ìgbà tí ẹ fẹ́ ti kọ́ọ̀mù méjì bọ inú ara wọn tí ẹnu eyín wọn ko ara wọn. Bó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, kò sí wàhálà. Bó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ ṣe bí mẹkáníìkì kẹta ẹ̀gbọ́n mi: ẹnì kan nínú, ẹnì kan níta, ẹ wò ó bóyá apá irin tó wà lórí gíà bọ́ọ̀sì ń rìn dé òpin. Ike tó ti jẹ, nọ́ọ̀tì tó tú, wáyà tó yọ. Ẹ wo gíà sítì àti ẹ́ńjìnì sítì pẹ̀lú, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì àti gíà bọ́ọ̀sì lé. Bó bá já, ẹrù náà á sún kúrò nípò, ọwọ́ gíà kò ní dé ibi tó yẹ kó dé mọ́.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò kó gbọ́ èyí náà. Púpọ̀ nínú Volkswagen máńúà, ẹ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ gíà wọlẹ̀ kó tó gba rìfáàsì. Púpọ̀ nínú Opel, òrùka kan wà lọ́rùn ọwọ́ gíà tí ẹ máa fà sókè. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì bọ́ sí rìfáàsì lórí eré.

Bí rìfáàsì bá wọlé, tó ń fò jáde fúnra rẹ̀, tàbí tó ń dún bíi ìgbà tí wọ́n ń lọ òkúta, ìdérí kẹta yẹn tàbí irin tó ń tì í ló ti jẹ. Níbí, owó ńlá ti dé. Wọ́n ní láti tú u.

Ọtọmátíìkì: bí ọwọ́ gíà bá há sí P

Ọ̀pọ̀ ọtọmátíìkì òde òní kì í jẹ́ kí ẹ kúrò ní P (páàkì) àfi tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Súwíìṣì tó wà lórí pẹ́dà bíréèkì, tó ń tan iná pupa ẹ̀yìn, òun kan náà ló ń sọ fún mọ́tò pé ẹsẹ̀ yín ti wà níbẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ tẹ bíréèkì. Bí iná pupa kò bá tàn, súwíìṣì tàbí fíúsì ni ẹ máa kọ́kọ́ bá wí. Rewáyà ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, kì í ṣe mẹkáníìkì gíà. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, ihò kékeré kan tàbí bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ gíà tí wọ́n kọ SHIFT LOCK sí. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, tí ẹ fi nǹkan tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ gíà á tú, ẹ ó sì lè gbé mọ́tò dé ibi tí wọ́n ti máa tún un ṣe.

Ó bọ́ sí R (rìfáàsì), kò lọ

Nínú ọtọmátíìkì, ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe nínú máńúà. Ẹ rántí jáàkì ọlọ́ọ́ìlì tí fọ́kanáísà fi ń gbé mọ́tò. Ọ́ìlì díẹ̀ ní í ti irin tí irin fi ń gbé ẹrù ńlá. Bí ọ́ìlì jáàkì bá dín, ẹ ó fa ọwọ́ rẹ̀ títí, mọ́tò kò ní kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì gíà ń ti àwọn àwo inú gíà bọ́ọ̀sì kí wọ́n di ara wọn mú. Rìfáàsì sì sábà máa ń béèrè agbára ọ́ìlì ju gíà iwájú lọ. Nítorí náà, ọ́ìlì tó dín lè gbé yín dé Ìbàdàn lórí D (gíà iwájú), kó wá dójú tì yín nínú ọgbà ilé yín lórí R.

Àmì rẹ̀ ni pé ẹ fi í sí R, ẹ dúró, ẹ kà dé mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó gbá yín ní gbì. Ẹ má dúró dìgbà tí kò ní gbá yín mọ́.

Bí ẹ ó ṣe wo ọ́ìlì náà

Ẹ jẹ́ kí mọ́tò gbóná, ẹ dúró síbi tó tẹ́jú. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ẹ gbé ọwọ́ gíà kọjá gbogbo lẹ́tà, kí ẹ dá a padà sí P. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, Toyota pàápàá, ẹ́ńjìnì á ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fa géèjì. Ní ti Honda, ẹ máa pa á ná, kí ẹ sì fà á kíákíá. Ẹ nu géèjì, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún un fà. Àwọn mọ́tò kan wà tí kò ní géèjì rárá. Wọ́n ní láti gbé ìyẹn sókè kí wọ́n ṣí nọ́ọ̀tì tó wà fún un lábẹ́.

Ẹ kán an sórí bébà funfun. Pupa tó mọ́ dára. Tó bá dúdú, tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná sí ìdí ìkòkò, àwọn àwo inú ti ń jóná. Tó bá rí bíi sóbò tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ọ́ìlì gíà ń gbà tutù nínú rádíétọ̀ ló ti lu. Ẹ má wa mọ́tò yẹn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ọ́ìlì ṣe pàtàkì gan-an. Toyota àtijọ́ díẹ̀ ń lo T-IV, àwọn tó tẹ̀ lé e ń lo WS. Honda ní DW-1. Nissan tó ń lo CVT ní NS-2 tàbí NS-3, àwọn yẹn kì í ṣe ọ́ìlì ọtọmátíìkì lásán. Gíà CVT kì í lo gíà eléyín bíi ti àwọn yòókù láti yí eré padà. Béẹ̀tì irin ló ń gbé yíyí kọjá, tí ọ́ìlì kan pàtó ń jẹ́ kó di ara mú láìyọ̀. Ẹni tó bá bu ọ́ìlì pupa tó kàn rí sí i lè ba gíà tó dára jẹ́. Wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí géèjì tàbí sínú ìwé mọ́tò.

Bí ọ́ìlì bá pé, tó mọ́, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣé lẹ́tà R ló hàn nígbà tí ẹ fi í sí R? Ṣé iná funfun ẹ̀yìn tàn? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wáyà ọwọ́ gíà ti yẹ̀, tàbí súwíìṣì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé lẹ́tà wo lẹ wà ti bàjẹ́. Owó èyí kéré sí ti gíà bọ́ọ̀sì.

Kọ̀ǹpútà náà lẹ́nu

Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, níbi tí wọ́n ti ń so ẹ̀rọ skana mọ́ ọn. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú èyí tí à ń wà níbí, nítorí náà ẹ ní in. Nọ́ńbà ni skana fi ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà rí. P0700 kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà gíà ní ẹjọ́ láti rò ni. Kì í ṣe ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. P0705 ń tọ́ka sí súwíìṣì lẹ́tà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá wò ó tó ní "bíréènì bọ́ọ̀sì ti lọ" láìfi nọ́ńbà kankan hàn yín kò tíì sọ nǹkan kan.

Bí gbogbo èyí bá pé, tí D ń lọ tí R kò lọ, àwo tàbí béẹ̀tì tí rìfáàsì ń lò nínú, tàbí àpótí kékeré tó ń pín ọ́ìlì, ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ẹ lè dán wò kí wọ́n tó tú u: nínú àwọn ọtọmátíìkì àtijọ́ kan, ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún R àti fún dídi mọ́tò mú lórí L (gíà iwájú tó lọ́ra jù). Ẹ wa mọ́tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí L, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Bí kò bá fa yín sẹ́yìn rárá, tó ń yọ̀ lọ bíi pé ó wà ní N (níbi tí gíà kankan kò ti wọlé), ẹ sọ ìyẹn fún mẹkáníìkì. Á dín ibi tó máa wá a kù.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ má tẹ iná gidigidi lórí R. Bí àwo bá ń yọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ń jó o sí i. Ẹ má sì fi R sí i nígbà tí táyà ṣì ń yí síwájú, kódà bó ṣe díẹ̀ ni.

Okùn fífà náà ń kó mi lọ́kàn sókè. Nínú ọ̀pọ̀ ọtọmátíìkì, ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ńpù ọ́ìlì gíà. Bí ẹ́ńjìnì bá kú tí wọ́n ń fi okùn fà yín láti Ìgbọ́nà dé ẹ̀yìn ìlú, táyà ń yí inú gíà bọ́ọ̀sì láìsí ọ́ìlì tó ń dé ibẹ̀, irin ń lọ irin ní gbígbẹ. Rìfáàsì nìkan ló kọ̀ nígbà tí ẹ kúrò nílé, gbogbo rẹ̀ ló lè kọ̀ nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ pe mọ́tò tó ń gbé mọ́tò, tàbí kí wọ́n gbé táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí kúrò nílẹ̀. Bí gíà iwájú bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí ọ́ìlì sì pé, ẹ rọra wà á lọ fúnra yín, kí ẹ má páàkì síbi tí ẹ ó ti nílò rìfáàsì.

Bó bá jẹ́ pé gíà bọ́ọ̀sì náà ni

Ẹ ní kí wọ́n ṣí abọ́ ìsàlẹ̀ lójú yín. Mágínẹ́ẹ̀tì kan sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun eérú tó rọ̀ lára rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Àfọ́kù irin tí ọwọ́ lè mú ni ìṣòro.

Ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè ra tòkunbọ̀. Èmi á kọ́kọ́ bèèrè iye tí àtúnṣe máa jẹ, torí tòkunbọ̀ náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, ní Ládìípọ̀ ní Èkó ni o tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo, torí mọ́tò méjì tó jọ ara wọn lójú lè gbé gíà tó yàtọ̀. Ẹ fẹnu kò lórí iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà, kí ó wà nínú rìsíìtì. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sí i tán, ẹ má sanwó tó kù títí mọ́tò á fi gbóná dáadáa, tí ẹ ó sì ti padà sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Gíà tí àwo inú rẹ̀ ti jẹ lè gba rìfáàsì bí ó bá tutù, kó wá kọ̀ nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná tó fẹ́lẹ́.